Ọgbà Igi Ume ní Kameido

Ẹ wo àwòrán yìí dáadáa. Kí ni ẹ kọ́kọ́ rí? Ẹ̀ka igi ni, àbí? Ó dúdú, ó tóbi, ó sì dábùú ojú ìwé. Ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún: àwọn ènìyàn tín-ín-tìn-tín ń wo òdòdó. Ìgbafẹ́ ni wọ́n bá wá.

Hiroshige ló ya àwòrán náà ní ọdún 1857 ní Edo, ìlú tí à ń pè ní Tokyo lónìí. Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀ ni igi ume ti ń tanná, àwọn ará Edo a sì máa lọ wò ó ní Kameido.

Òun ló yà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló tẹ̀ ẹ́. Orí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ayàwòrán ń ya iṣẹ́ rẹ̀ sí. Agbẹ́gi á dojú bébà náà délẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó igi ṣẹ́rì, á sì máa gbẹ́ ẹ títí ìlà àwòrán nìkan yóò fi yọ sókè. Bí ó ti ń gbẹ́ ẹ ni bébà ń bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ má wá èyí tí Hiroshige fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà kiri. Ó ti parẹ́ sára pákó. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń ní pákó tirẹ̀. Atẹ̀wé á kun àwọ̀ sí pákó, á tẹ́ bébà lé e, á sì ra ẹ̀yìn rẹ̀.

Vincent van Gogh ní ẹ̀dà kan. Ní ọdún 1887, ó fi ọ̀dà ya tirẹ̀ ní Paris, ó sì kọ lẹ́tà Jàpáànì sí etí rẹ̀ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ èdè náà.