Nígbà Tí Táíwò Bá Ti Àjò Dé



Gbogbo wa la mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Táíwò ló kọ́kọ́ wáyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí Albert Einstein gbé jáde ní ọdún 1905 fi hàn pé ìrìn àjò lè mú kí ọjọ́ orí ìbejì yàtọ̀ gan-an.

Ká ní Kẹ́hìndé dúró ní Angwan Rogo, tí Táíwò sì wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń sá eré nǹkan bí 240,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún eré ìmọ́lẹ̀. (A kò tíì ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.) Ó lọ, ó yí padà, ó délé. Bí Kẹ́hìndé bá ti fi ọdún 10 dàgbà, ọdún 6 péré ni Táíwò yóò fi dàgbà. Aago rẹ̀ kò bàjẹ́ o. Ọdún 6 náà ni irun orí rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ tó ń lù kà.

Kí ló fà á? Ẹ wo awakọ̀ méjì tó ń ti Jos lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀kan gba Àbújá àti Lọ́kọ́jà, èkejì gba Kàdúná àti Jẹ́bà. Ibì kan náà ni wọ́n ti gbéra, ibì kan náà ni wọ́n pàdé, síbẹ̀ iye tí mítà ọkọ̀ wọn kà kò dọ́gba, kò sì sí èyí tó purọ́. Bẹ́ẹ̀ ni aago ṣe ń ka àkókò ọ̀nà tí olówó rẹ̀ tọ̀. Èyí ni a lè pè ní àkókò tara ẹni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó jókòó sílé ni aago rẹ̀ ń kà jù.

Ẹnìkan lè ní: “Ṣebí Táíwò náà lè sọ pé òun ló dúró, Kẹ́hìndé ló sá lọ?” Rárá. Táíwò ló yí ọkọ̀ padà, ara rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n, bí ara èrò ṣe ń mọ̀ ọ́n tí awakọ̀ bá ṣẹ́ kọ́nà lójijì. Kẹ́hìndé kò mọ nǹkan kan lára.

Kì í ṣe àlá. Ní ọdún 1971, Joseph Hafele àti Richard Keating gbé aago átọ́míìkì mẹ́rin wọ bàálù yí ayé ká. Nígbà tí wọ́n lọ síhà ìlà-oòrùn, àwọn aago náà fi ìdá 59 nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan rẹ̀yìn sí ti ilé. Nígbà tí wọ́n lọ síhà ìwọ̀-oòrùn, wọ́n fi ìdá 273 ṣáájú, nítorí pé ayé fúnra rẹ̀ ń yí síhà ìlà-oòrùn, gíga òfurufú sì tún ń mú aago yára díẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ Einstein ti wí náà ló rí.

Ẹ má rò pé Táíwò jèrè ọdún mẹ́rin. Kò gbé ọdún wọ̀nyẹn rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ló pàdánù. Àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá sí Jos kò ṣàì mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá lọ sí àjò kì í bá ilé bó ṣe fi í sílẹ̀.