Kẹ́ ẹ tó san owó ìkànnì ẹgbẹ́ yín tán, ẹ ní kí wọ́n fi gíráàfù hàn yín

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, ní Kánò, Jọ́ọ̀sì, Sókótó, Pọ́táákọ̀ àti níbi gbogbo, bí ẹgbẹ́ yín bá ní ìkànnì ayélujára tẹ́ ẹ fi ń gba owó ẹgbẹ́, tẹ́ ẹ fi ń forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, tàbí tẹ́ ẹ fi ń gba àyè nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé lọ́dún, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkànnì tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti oṣù kan á wá dúró gbagidi, á kàn máa yí bírí lójú fóònù. Ẹlòmíì á tẹ ibi ìsanwó lẹ́ẹ̀mejì, báǹkì á yọ owó, kò ní rí rìsíìtì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn kan á ti máa wo akápò bí olè. Bẹ́ẹ̀ akápò ò jalè o. Ẹrù ló pọ̀ ju agbára ìkànnì lọ, ẹnì kankan ò sì wọ̀n ọ́n wò ṣáájú.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá yín ṣe ìkànnì lè gbé ẹrù lé e kí ọjọ́ tó pé. Irinṣẹ́ bíi Apache JMeter àti k6 wà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á ṣe bí ẹni pé ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń lo ìkànnì náà lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá parí ẹ̀, ó lè wá sọ fún yín pé, "Ẹ̀yin bàbá, ó ti yege, ìpíndọ́gba ìdáhùn ẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 4." Ẹ má tíì ṣe àmín. Ẹ ní kó gbé gíráàfù wá.

Ìlà mẹ́rin tẹ́ ẹ máa wò

Àkókò ló máa wà nísàlẹ̀ gíráàfù náà, láti ìgbà tí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ títí dé ìgbà tó parí. Ìlà mẹ́rin ló yẹ kẹ́ ẹ rí lórí ẹ̀: iye èèyàn tó wà lórí ìkànnì, iye ìbéèrè tí ìkànnì ń dá lóhùn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bí èèyàn ṣe ń dúró pẹ́ tó kó tó rí ìdáhùn, àti iye ìbéèrè tó forí ṣánpọ́n.

Ẹ rántí màmá olóúnjẹ inú gáréèjì. Bí oníbàárà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni abọ́ tó ń bù á máa pọ̀ sí i. Àmọ́ ó níbi tí ọwọ́ ẹ̀ lè yá dé. Láti ibẹ̀ lọ, bí ogún èèyàn bá tún dé, kò lè bù ju iye tó ń bù lọ. Àwọn tó tò sílẹ̀ ló máa pọ̀. Bí ìkànnì náà ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ìkànnì kan ò lè dá ju ìbéèrè 40 lóhùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ara bá tù ú, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń dáni lóhùn. Ẹni tó bá sì ti rí ìdáhùn á fi ìṣẹ́jú àáyá 9.5 kà á kó tó tún tẹ nǹkan míì. Tí èèyàn 200 bá wọlé, ìkànnì á máa dá ìbéèrè 20 lóhùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí wọ́n bá di 400, á di 40. Ìlà méjèèjì jọ ń gòkè, ìdúró ò sì tíì kọjá ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Àmọ́ tí èèyàn bá di 600, ìdáhùn ò ní kúrò lórí 40, ìdúró á fò sókè sí 5.5. Tí wọ́n bá di 800, 40 náà ni, ìdúró á di 10.5.

Ibi tí ìlà ìdáhùn ti tẹ́jú, tí ìlà ìdúró sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ibẹ̀ ni agbára ìkànnì yẹn parí sí. Nínú àpẹẹrẹ wa, èèyàn 400 ni. Bó bá jẹ́ pé èèyàn 700 ló máa wọlé láago mẹ́jọ, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ohun méjì tó máa ń tan èèyàn jẹ

Àkọ́kọ́ ni ìpíndọ́gba. Ká ní ìbéèrè 100 ló wọlé: 90 rí ìdáhùn ní ìṣẹ́jú àáyá 1, àmọ́ 10 dúró fún 31. Ẹ pín in dọ́gba, 4 ló máa jáde. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dúró fún 4 nínú wọn! Àwọn mẹ́wàá ti jìyà, ìpíndọ́gba bo ìyà wọn mọ́lẹ̀. Torí ẹ̀ ló ṣe yẹ kí wọ́n ya ìlà 95 fún yín, ìyẹn àkókò tí ìdáhùn 95 nínú ọgọ́rùn-ún ò kọjá. Níbí, 31 ni ìlà náà máa fi hàn.

Ìkejì ni ìlà ìdúró tó já wálẹ̀ lójijì nígbà tí èèyàn ṣì ń pọ̀ sí i. Kẹ́ ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ wo ìlà àwọn tó forí ṣánpọ́n. Ìkànnì tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn lè máa lé èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àmì 503. Kíá ló ń lé wọn, gíráàfù á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìdáhùn tó yá. Màmá olóúnjẹ tó ń sọ pé "oúnjẹ ti tán" kì í pẹ́ kó tó dáni lóhùn.

Ibo ló ti há?

Ẹ ní kó gbé gíráàfù server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì náà dúró, sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Bí CPU ẹ̀ bá kún dé 100 nígbà tí ìdáhùn tẹ́jú, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ nílò server tó lágbára jù ú lọ. Bó bá wà ní 30 péré, ẹ má sáré náwó ẹgbẹ́. Ó lè jẹ́ database, níbi tí àkọsílẹ̀ wà, ló há. Ẹ tún bi í pé ibo ló ti ṣe àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò tó wáyé nítòsí server ò lè sọ ohun tí ẹni tó wà ní Sókótó, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ń ṣe ségesège, máa rí. Ìkànnì tiyín nìkan sì ni kó gbé ẹrù lé o. Ti ẹlòmíì láìgbàṣẹ, wàhálà òfin ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìjọba ńlá rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ọdún 2013, Amẹ́ríkà ṣí HealthCare.gov káwọn aráàlú lè fi ra ìbánigbófò ìlera. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èèyàn 6 péré ló rí i ṣe dópin. Ìwé ìròyìn Washington Post wá jẹ́ ká mọ̀ pé lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú, apá pàtàkì kan nínú ìkànnì náà dákú níbi àyẹ̀wò tí ẹrù ẹ̀ ò ju ọgọ́rùn-ún èèyàn mélòó kan lọ. Àyẹ̀wò ti sọ̀rọ̀, wọ́n ṣí i bẹ́ẹ̀.

Torí náà, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: owó tó kù di ìgbà tí gíráàfù bá fi hàn pé gbogbo iye èèyàn tẹ́ ẹ ń retí wọlé, tí ìlà 95 ò kọjá ìṣẹ́jú àáyá tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí, tí àwọn tó forí ṣánpọ́n ò sì tó 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ka gíráàfù ṣáájú ò ní máa bá akápò jà lẹ́yìn.