Ẹni Tó Ń Yẹ Ìwé Ẹgbàárùn-ún Ọdún Wò

Ẹni tó ń pa owó mọ́ kọ́ ló yẹ kó tún máa yẹ ìwé owó wò. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀dítọ̀ n'Íbàdàn, òun náà ni mo sì fi ń wo gbogbo nǹkan títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ọkùnrin tó ń bá wọn gbẹ́ kànga epo rọ̀bì ní ìpínlẹ̀ New Mexico l'Ámẹ́ríkà, mo gbọ́ pé ibì kan wà nítòsí wọn tí ìjọba ń rì pàǹtírí bọ́ǹbù átọ́míìkì mọ́lẹ̀. Mi ò bèèrè bóyá ó léwu. Mo ní, "Ta ló ń yẹ ìwé wọn wò?"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà kì í sinmi."

WIPP ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Inú aṣálẹ̀ ló wà, nǹkan bíi kìlómítà 42 sí ìlú Carlsbad. Kì í ṣe pàǹtírí iléeṣẹ́ iná mànàmáná ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ti iṣẹ́ ológun ni: ìbọ̀wọ́, aṣọ iṣẹ́, àkísà, irinṣẹ́, ẹrọ̀fọ̀ inú táǹkì, ohunkóhun tí plútóníọ̀mù bá ti ta sí lára níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ǹbù. Wọ́n á rọ wọ́n sínú àgbá irin, wọ́n á kó àgbá sínú àpótí ńlá roboto, tírélà á sì gbé e wá láti Los Alamos, láti Idaho àti láti ibòmíràn. Ọ̀kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lójú títì, àpótí mẹ́ta tó sanra tò tẹ̀ léra lẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọ mi kò tilẹ̀ yíjú wò ó.

Nísàlẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀, iyọ̀ ni. Iyọ̀ gidi, tó nípọn tó nǹkan bíi 600 mítà, tí òkun àtijọ́ kan fi sílẹ̀ nígbà tó gbẹ ní nǹkan bí 250 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Wọ́n gbẹ́ yàrá sínú iyọ̀ yìí ní 655 mítà sísàlẹ̀. Ìdí tí àwọn onímọ̀ fi yan iyọ̀ kò le: bó bá jẹ́ pé omi ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá ni, iyọ̀ náà ì bá ti yọ́ tipẹ́. Ìdí kejì ni pé iyọ̀ tí ilẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó ń rọra sún bọ̀ láti ara ògiri àti òrùlé, bí àmàlà gbígbóná ṣe ń tẹ́ nínú abọ́, títí á fi di mọ́ àwọn àgbá náà pátápátá. Ohun tí awakùsà ń sá fún, òun gan-an ni wọ́n fẹ́ níbí.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé iyọ̀ dára. Láti 1957 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà ti dá a lábàá. Nígbà tó di nǹkan bí 1970, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ átọ́míìkì nígbà náà mú ibi ìwakùsà iyọ̀ àtijọ́ kan ní ìlú Lyons, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ó ní ibẹ̀ ló máa gba pàǹtírí. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Kansas ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Wọ́n rí i pé àwọn tó wá epo àti gáàsì láyé àtijọ́ ti lu ihò káàkiri àdúgbò náà, àti pé omi tí iléeṣẹ́ iyọ̀ kan nítòsí fà sínú ilẹ̀ ti pòórá, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà. Ní 1972, ọ̀rọ̀ Lyons ti kú. Èmi rí nǹkan míì nínú ìtàn yẹn. Àjọ kan náà ló ń ṣe bọ́ǹbù, òun ló ni pàǹtírí, òun ló yan ibi tí wọ́n máa kó o sí, òun ló tún ń sọ pé ibẹ̀ dára. Akápò àti ọ̀dítọ̀ ń jókòó lórí àga kan ṣoṣo.

Òfin tí wọ́n ṣe fún WIPP ní 1992 ló ya àga yẹn sí méjì. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, DOE, ló ni ibẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó àyíká, EPA, ló máa sọ bóyá ibẹ̀ yẹ. Ní oṣù Èbìbí 1998 ni EPA kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ẹrẹ́nà 1999 ni ẹrù àkọ́kọ́ dé láti Los Alamos. Láti ọjọ́ náà ni òfin ti ní kí DOE tún máa kó ìwé wá ní gbogbo ọdún márùn-ún, kí ó fi hàn pé ibẹ̀ ṣì pé ojú ìlànà.

Bí àyẹ̀wò náà ṣe ń lọ dùn mọ́ mi nínú. Nígbà tí ìwé bá wọlé, EPA kì í yára dájọ́. Yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ó pé. Ìbéèrè á lọ, èsì á bọ̀: níbo lẹ ti rí iye yìí, kí ló dé tí ẹ yí ìṣirò tọ̀hún padà, ẹ tún un ṣe. Wọ́n ń kó àwọn lẹ́tà náà síta kí aráàlú lè kà á. Ọjọ́ tí wọ́n bá kéde pé ìwé ti pé ni oṣù mẹ́fà tí òfin fún wọn láti pinnu máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ìwé tó wọlé ní 2014, 2017 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ti 2019 di 2022. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á ní ìjọba ń fi nǹkan falẹ̀. Lójú tèmi, ìwé tó bá yára kọjá lórí tábìlì ọ̀dítọ̀, kò sẹ́ni tó kà á ni.

Ohun tí wọ́n ń wò, ọdún 10,000 ló gùn dé. Òfin kò bèèrè bóyá nǹkan ń jò lónìí nìkan. Ó ń bèèrè iye tó lè jáde kí ọdún 10,000 tó pé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn. Plútóníọ̀mù 239 máa ń gba ọdún 24,100 kó tó dín sí ìdajì. Mo gbé ẹ̀rọ ìṣirò mi: lẹ́yìn ọdún 10,000, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ta ló wá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Iyọ̀ kò bà wọ́n lẹ́rù tó ènìyàn. Orí ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ tí epo pọ̀ sí jù l'Ámẹ́ríkà ni ibi yìí wà. Òfin sì ní wọn ò gbọdọ̀ kà á sí pé ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀ kọjá 100 ọdún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sí pé gbogbo ayé ti gbàgbé, pé ẹnì kan á gbé ẹ̀rọ dé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀. Báwo la ṣe máa mọ iye ihò tí wọ́n máa lu? EPA ní kí wọ́n ka gbogbo kànga tí wọ́n ti gbẹ́ ní agbègbè náà láàárín 100 ọdún tó kọjá, kí wọ́n sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa gbẹ́ ẹ lọ. Nínú ìwé àkọ́kọ́, ìṣirò náà jẹ́ nǹkan bíi kànga 47 fún kìlómítà kan níbùú lóròó láàárín ọdún 10,000. Nígbà tó di ìwé 2019, ó ti di 99. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ràn ètò ọdún márùn-ún yẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fọwọ́ sí i ní 1998 tí wọ́n sì lọ sùn, iye tó ti ju ìlọ́po méjì lọ yìí kò ní sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ọmọ mi ló jẹ́ kí n mọ ohun tí ihò bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Ó ní tí wọ́n bá dé ìpele iyọ̀, wọn kì í fi omi lásán gbẹ́ ẹ, torí omi lásán á yọ́ iyọ̀, ihò á sì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Omi tí wọ́n ti po iyọ̀ mọ́ títí tí kò lè gba iyọ̀ mọ́ ni wọ́n ń lò. Omi yẹn á gba inú páìpù lọ sísàlẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ páìpù padà sókè, á sì máa gbé èérún ohun tí ẹ̀rọ ń lọ̀ jáde. Ó fi ẹ̀rún kan hàn mí nínú ọ̀rá kékeré: ó mọ́ gaara, ó pọ́n díẹ̀ lápá kan. Mo fẹ́ fi ahọ́n kàn án, ó gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Tí ẹ̀rọ yín bá wá gba inú àgbá kan kọjá ńkọ́?"

"Mọ́mì, àwa tá a wà lókè ò ní mọ̀. Èérún ni gbogbo èérún."

Ohun tí àwọn onímọ̀ DOE ń ṣírò fún EPA gan-an nìyẹn: ìwọ̀n pàǹtírí tó máa bá omi ẹ̀rọ gòkè, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ihò náà bá tún lọ kan omi iyọ̀ tó há mọ́ ìsàlẹ̀ pẹ̀lú agbára. Omi yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ní 1981, ihò kan tí wọ́n lu nítòsí láti fi yẹ ilẹ̀ wò kàn án, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n sún àwọn yàrá náà lọ sí apá gúúsù.

DOE ní òun máa ri òpó òkúta sórí ilẹ̀ ibẹ̀, òun máa kọ ìkìlọ̀ sí i ní èdè méje, Navajo wà lára wọn. Ó wá ní kí EPA fún òun ní máàkì díẹ̀ nínú ìṣirò nítorí àwọn òpó wọ̀nyí, pé wọ́n á dín iye àwọn tó máa gbẹ́ ibẹ̀ kù. EPA kọ̀ jálẹ̀ ní 1998. Ẹ ri òpó yín, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má kà á mọ́ owó tó wà lọ́wọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí mo ka ìtàn WIPP dé 2014, ìdùnnú mi dín kù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún yẹn, ní òru, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ ké. Àgbá kan tí wọ́n rọ ní Los Alamos ti gbóná, ó ti bú, díẹ̀ nínú plútóníọ̀mù sì bá afẹ́fẹ́ jáde sókè. Kò sẹ́nì kankan nísàlẹ̀ lákòókò náà. Wọ́n rí díẹ̀ lára rẹ̀ nínú ara àwọn òṣìṣẹ́ bíi 20, èyí tó sì dé ìta kéré púpọ̀ sí gbèǹdéke òfin, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tún rì àgbá kankan síbẹ̀. Kí ló fà á? Iyẹ̀pẹ̀ ológbò ni, èyí tí àwọn òyìnbó ń dà sínú àwo kí ológbò inú ilé lè máa ṣu sí i. Wọ́n ń lò ó láti fa omi inú pàǹtírí, irú èyí tí wọ́n fi amọ̀ ṣe kò sì ní wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ìwé ìlànà iṣẹ́ ṣe, irú èyí tí wọ́n fi àlìkámà ṣe ló wọ inú rẹ̀, àlìkámà àti iyọ̀ náítíréètì tó wà nínú pàǹtírí náà kò sì lè gbé inú àgbá kan ní àlàáfíà. Ìwé náà kọjá lọ́wọ́ oríṣiríṣi ọ̀gá.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà tó tẹ̀ lé e, tí ilé náà ṣì wà ní títì, DOE gbé ìwé ọdún 10,000 lọ fún EPA bí òfin ṣe ní kó ṣe. Òkúta kò ṣẹ̀, iyọ̀ kò ṣẹ̀. Orí wọn sì ni ìwé náà dá lé. Ẹni tó fi iyẹ̀pẹ̀ ológbò sínú àgbá kò sí nínú ìṣirò yẹn. Tábìlì míì ni ọ̀rọ̀ kẹ́míkà inú àgbá wà, ti DOE fúnra rẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀ New Mexico tó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìpínlẹ̀ náà kò dákẹ́. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 74 dọ́là ni DOE fi bá a parí ọ̀rọ̀ náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì lọ sí orí títún ọ̀nà ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa kọ sínú ìròyìn mi, ká ní èmi ni, ni pé ọ̀dítọ̀ méjì wà, àlàfo sì wà láàárín tábìlì wọn.

Àlàfo tábìlì yìí náà ni mo fi wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2018. Òfin ní pàǹtírí ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 6.2 mílíọ̀nù ẹsẹ̀ kúbíìkì lọ. Àpótí ìta ni wọ́n ń wọ̀n tẹ́lẹ̀, àti òfìfo inú rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún yẹn, ìpínlẹ̀ gbà kí wọ́n máa wọn èyí tó wà nínú nìkan. Àgbá kan ò kúrò nílẹ̀, síbẹ̀ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ẹrù tí wọ́n ti kà di àìkà. Mo ti rí irú rẹ̀ rí nínú ìwé owó, mo sì mọ orúkọ tí à ń pè é. Àwọn ará ìlú kan pe ẹjọ́ lé e lórí. Nígbà tí ìpínlẹ̀ sọ ìwé àṣẹ náà di ọ̀tun fún ọdún mẹ́wàá ní 2023, ìjọba tuntun ti dé, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí àwọn aṣòfin Washington bá gbé gbèǹdéke yẹn sókè, ìwé àṣẹ lè di fífagi lé.

Mo ní kí ọmọ mi kọ̀wé sí EPA, torí wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ aráàlú nígbà àyẹ̀wò. Ó kọ́kọ́ ní ta ni òun. Nígbà tó wá jókòó, tirẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ó ní kànga tí àwọn ń gbẹ́ báyìí kì í lọ tààrà sísàlẹ̀ bíi ti àtijọ́. Ó máa ń yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀ fún kìlómítà mẹ́ta nígbà míì, omi iyọ̀ púpọ̀ tó sì ń bá epo jáde, ilẹ̀ náà ni wọ́n ń tì í padà sí. Báwo ni ẹ ṣe ń ka ìyẹn nínú 99 yín? Lẹ́tà náà kò ju ojú ìwé kan lọ. Mo ní kó kọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe sí abẹ́ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tó ń lu ilẹ̀ ló ń bèèrè.