Ẹni Tí Ẹgbẹ́ Yóò Rán Lọ Kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀

Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ní Obbo-Ilé, bí ẹ bá fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ rán aṣáájú kan lọ gba ẹ̀kọ́ gíga nípa oko dídá tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ó ṣá, ẹ má ṣe yan akọ̀wé nítorí pé ó mọ ìwé. Ẹ yan ẹni tí oko rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ní Songhai, ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ (kì í ṣe Àjàṣẹ́-Ìpo tiwa), èyí tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ọwọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́. Ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n fi ń ṣe gáàsì ìdáná. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù a di ajílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà fún ẹni tí èkan ń dà láàmú. Ní agbègbè Mono ní Bẹ̀nẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin irú yèrèpè kan tí kì í yúnni sáàárín àgbàdo, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tí wọ́n ti gbin àgbàdo, kí ó má baà fún un pa. Ìtàkùn náà bo èkan mọ́lẹ̀. Ewé rẹ̀ sì jẹrà, ó sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá.

Bí aṣáájú yín bá padà dé, kí ó gbìn ín sí ìdajì oko, kí ó sì ro ìdajì kejì bí ìṣe wa, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè máa rí méjèèjì bí wọ́n ti ń kọjá. Ẹ kìlọ̀ fún ará ilé pé a kì í se èso yèrèpè jẹ bí ẹ̀wà. Oró wà nínú rẹ̀.