Ṣé ẹgba ló ń mú kí ọmọ ṣe dáadáa ní kíláàsì àbí ìyìn? Wo ohun tí ìwádìí fi hàn

Ọ̀pọ̀ òbí ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló gbàgbọ́ pé kíláàsì tí kò bá ti sí ẹgba, ọjà ni. Ṣùgbọ́n òfin ti ń sọ nǹkan mìíràn. Togo fòfin de nínà ọmọ nínú òfin ọmọdé tó ṣe lọ́dún 2007, Benin náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2015. Ní Ghana, àjọ GES tó ń mójútó ilé ẹ̀kọ́ ti ní kí àwọn olùkọ́ jáwọ́ nínú ẹgba. Ní Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ṣe fún ìhà gúúsù ṣì fàyè gba tíṣà láti na ọmọ níwọ̀nba láti fi bá a wí.

Òfin lè gba ẹgba lọ́wọ́ tíṣà, àmọ́ kì í sábà fún un ní ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Tíṣà tó ní ọgọ́ta ọmọ níwájú, tí mẹ́wàá ń pariwo, tí méjì ń jà lẹ́yìn, nílò ohun tó máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn onímọ̀ ti ń dán wò fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn àgbà Yorùbá ti sọ kókó rẹ̀ tipẹ́: yinniyinni, kí ẹni lè ṣe mìíràn.

Láti orí ajá dé orí ọmọ ilé ìwé

Ivan Pavlov, onímọ̀ ọmọ Russia tó gba àmì ẹ̀yẹ Nobel lọ́dún 1904, ló ṣàkíyèsí pé bí ajá bá ti ń gbọ́ ìró kan ní gbogbo ìgbà tí oúnjẹ bá fẹ́ dé, yóò máa da itọ́ tó bá ti gbọ́ ìró náà, kódà bí oúnjẹ ò sí nílẹ̀. Ohun méjì tó bá ń rìn pọ̀ lemọ́lemọ́, ara á so wọ́n pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní kíláàsì. Bí ẹgba bá ń bá iṣẹ́ ìṣirò wọlé lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí àyà ọmọ á fi máa já tó bá ti rí ìwé ìṣirò lásán. Àwọn èèyàn á ní olódo ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó lè ronú.

Lọ́dún 1898, Edward Thorndike ní Amẹ́ríkà ti ológbò mọ́ inú àpótí, ó sì rí i pé ohun tó bá ti yọ ológbò náà lẹ́ẹ̀kan ni yóò máa yára ṣe nígbà mìíràn. B. F. Skinner wá gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ó ní ohun tó bá tẹ̀lé ìwà ló ń pinnu bóyá ìwà náà á tún wáyé. Bí nǹkan dídùn bá tẹ̀lé e, yóò pọ̀ sí i. Bí ohunkóhun kò bá tẹ̀lé e, yóò máa dínkù díẹ̀díẹ̀. Ní ti ìyà, Skinner ní ó lè dá ìwà dúró fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kò kọ́ ọmọ ní ohun tó yẹ kó ṣe dípò rẹ̀.

Kí ni ẹgba ń kọ́ ọmọ gan-an?

Ìwádìí kan tí Victoria Talwar àti Kang Lee láti Canada gbé jáde lọ́dún 2011 dáhùn ìbéèrè yìí, orílẹ̀èdè kan ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni wọ́n sì ti ṣe é. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin (84) tí wọ́n jẹ́ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ló kópa. Àwọn kan ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń na ọmọ, tí wọ́n ń gbá wọn létí, tí wọ́n sì ń já wọn léèékánná. Àwọn yòókù wà ní ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé ìbáwí ẹnu ni wọ́n ń lò, tàbí kí wọ́n ní kí ọmọ lọ dá jókòó.

Wọ́n gbé ohun ìṣeré sẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ yẹjú wò ó, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú yàrá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ló yẹjú wò ó. Ìbẹ̀rù ẹgba kò dá wọn dúró.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti wá ni ìgbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè. Àwọn tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ onígba ló parọ́ jù, àwọn náà ló sì mọ irọ́ náà gbé dúró jù nígbà tí wọ́n tún ń bi wọ́n síwájú sí i. Ẹgba kọ́ wọn ní nǹkan lóòótọ́: ó kọ́ wọn bí ọwọ́ kò ṣe ní tẹ̀ wọ́n.

"Jókòó! Jókòó!"

Ohun tó ya ọ̀pọ̀ tíṣà lẹ́nu jù nínú ìmọ̀ yìí ni pé ariwo tí wọ́n ń pa mọ́ ọmọ lè jẹ́ ẹ̀bùn fún un.

Lọ́dún 1968, Charles Madsen, Wesley Becker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé èsì ìwádìí jáde nípa àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà. Bí àwọn tíṣà bá ṣe ń pariwo "jókòó" tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń dìde á máa pọ̀ sí i. Wọ́n á jókòó lóòótọ́ tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á tún dìde. Ìgbà tí àwọn tíṣà wá ń yin àwọn tó jókòó ni dídìde dínkù.

Ohun tí ọmọ náà ń wá ni ojú tíṣà. Tó bá jẹ́ ìgbà tó bá dìde nìkan ni tíṣà ń rí i, yóò máa dìde.

Ìwádìí mìíràn tí àwọn kan nínú wọn gbé jáde lọ́dún kan náà fi hàn pé kíkọ òfin kíláàsì sílẹ̀ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí tíṣà gbójú fo àwọn ìwà kéékèèké, kó sì máa yin èyí tó dára.

Eré tó mú kíláàsì dákẹ́

Ní Kansas, lọ́dún 1969, Harriet Barrish, Muriel Saunders àti Montrose Wolf ròyìn eré kan tí wọ́n dán wò pẹ̀lú kíláàsì kẹrin tó ti le kọjá agbára. Wọ́n pín àwọn ọmọ náà sí ẹgbẹ́ méjì. Ọmọ tó bá dìde tàbí sọ̀rọ̀ láìgba àṣẹ, tíṣà á fa ìlà kan sójú bọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ìlà rẹ̀ bá kéré ló jáwé olúborí, àwọn méjèèjì sì lè jọ borí bí ìlà wọn kò bá pọ̀. Ẹ̀bùn wọn kò ná ẹnikẹ́ni lówó púpọ̀: àǹfààní láti kọ́kọ́ tò lọ jẹun, àti àkókò díẹ̀ láti ṣe ohun tó wù wọ́n nírọ̀lẹ́.

Àwọn olùwádìí pín àkókò ẹ̀kọ́ sí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ni ẹnìkan ti ń sọ̀rọ̀ láìgba àṣẹ. Ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 19 nígbà tí wọ́n ń ṣe eré náà. Nígbà tí wọ́n dá a dúró fúngbà díẹ̀, ariwo padà dé.

Wọ́n ti lo eré yìí káàkiri láti ìgbà náà. Ní Baltimore, wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ tó ṣe é ní kíláàsì kìn-ín-ní ní àárín ọdún 1980 sí 1990 títí wọ́n fi dàgbà. Nínú àwọn ọkùnrin tó jẹ́ oníjàgídíjàgan láti kékeré, àwọn tó ṣe eré náà kò lo oògùn olóró tó àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ṣe é.

Ẹ má jẹ́ kí èsì pẹ́

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1953, Skinner lọ wo kíláàsì ìṣirò ọmọbìnrin rẹ̀. Ó rí i pé àwọn ọmọ ń ṣe iṣẹ́ láìmọ̀ bóyá wọ́n gbà á tàbí wọ́n ṣì í, ó sì di ọjọ́ kejì kí ìwé tó padà dé. Láìpẹ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ kan tó ń sọ èsì fún ọmọ lójú ẹsẹ̀.

Ìṣòro yìí le jù níbi tí ìwé ọgọ́ta ọmọ ti ń dúró de pẹ́ẹ̀nì tíṣà kan ṣoṣo. Ọmọ tó ṣì í lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó sì gba ìwé lọ́jọ́ Fúráìdè ti fi ọjọ́ mẹ́rin mọ àṣìṣe náà lórí.

Ibi tí ẹ̀bùn ti lè ba nǹkan jẹ́

Ẹ̀bùn náà ní ewu tirẹ̀. Lọ́dún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett ṣe ìwádìí pẹ̀lú àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ní Stanford tí wọ́n fẹ́ràn yíya àwòrán. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀rí alárànbarà fún àwọn kan tí wọ́n bá yàwòrán. Nígbà tó yá tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ láti ṣe ohun tó wù wọ́n, àkókò tí àwọn wọ̀nyí fi yàwòrán jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti àwọn tí wọn kò ṣèlérí nǹkan kan fún.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí òbí máa fowó ra ohun tí ọmọ ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Ohun tí ọmọ kò tíì mọ́ra ni ẹ̀bùn wà fún, bó bá sì ti ń mọ́ra ni ká máa dín in kù.

Kí ni tíṣà lè ṣe?

- Dárúkọ ohun tí ọmọ ṣe. "O káre, o nawọ́ kí o tó sọ̀rọ̀" dára ju "ọmọ dáadáa" lọ.
- Yìn ín lójú ẹsẹ̀. Ìyìn tó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé, ọmọ ti lè gbàgbé ohun tó wà fún.
- Bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré. Ọmọ tí kì í ṣe iṣẹ́ àmúrelé rárá, yìn ín lọ́jọ́ tó bá ṣe ìdajì.
- Gbójú fo ìwà kékeré. Ìjà tàbí ohun tó lè ṣe ọmọ mìíràn léṣe kò sí lára rẹ̀ o, dá a dúró kíákíá.
- Jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ìwé láti máàkì rẹ̀ nígbà tí o bá ń kọ ìdáhùn sójú bọ́ọ̀dù.
- Fi àǹfààní ṣe ẹ̀bùn: ẹni tí yóò lu aago, ìlà tí yóò kọ́kọ́ jáde fún ìsinmi.

Kò sí ẹni tó ní kí a má bá ọmọ wí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọmọ tó bá da kíláàsì rú lè pàdánù àǹfààní rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó sì tún láǹfààní láti gbà á padà lọ́jọ́ kejì.

Tíṣà tó bá ń ṣiyèméjì lè fúnra rẹ̀ dán an wò. Kó ka iye ìgbà tí wọ́n dí i lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ kan lọ́sẹ̀ yìí, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó lo ìyìn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì tún un kà.