Ìbejì Inú Okùn: Èdè-Ìperí fún Okùn Ìsokọ́ra Inú Ilé àti Orí Rẹ̀

Nínú èdè Yorùbá ojoojúmọ́, wáyà ni orúkọ ohun tí ó gbé iná mànàmáná wọ ilé, òun náà ni orúkọ ohun tí a fi ń gba agbára sínú fóònù, òun náà sì ni ohun tí ó so kọ̀ǹpútà kan mọ́ èkejì. Ọ̀rọ̀ kan yìí tó fún ọjà. Kò tó fún ẹni tí ó ń kọ́lé, tí ó fẹ́ kí íńtánẹ́ẹ̀tì dé gbogbo yàrá kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Bí ó bá ní kí oníṣẹ́ iná ti àwọn wáyà náà bọ inú páìpù, kò sí ohun kan nínú gbólóhùn rẹ̀ tí yóò dí oníṣẹ́ náà lọ́wọ́ láti ti wáyà iná àti ti kọ̀ǹpútà bọ inú páìpù kan náà. Èyí léwu fún ènìyàn, ó sì ń dí ẹ̀rọ lọ́wọ́. Bí a bá sì ti rẹ́ ògiri tán, àfi kí a tún un fọ́.

Ìyàsọ́tọ̀ àkọ́kọ́ nìyí: okùn ìsokọ́ra ni odindi rẹ̀ pẹ̀lú awọ tí ó bò ó, wáyà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́jọ tí ó wà nínú awọ náà. Méjì-méjì ni wáyà mẹ́jọ yìí lọ́ mọ́ra. Alexander Graham Bell ni ó gba ìwé-àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní Amẹ́ríkà ní 1881, nítorí tẹlifóònù. Nígbà tí méjì bá lọ́ mọ́ra, ariwo tí ó bá bọ́ sórí ọ̀kan yóò bọ́ sórí èkejì bákan náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀rọ sì ń kà, nítorí náà ariwo yóò pa ara rẹ̀ rẹ́.

Olùtumọ̀ tí ó bá pe èyí ní “wáyà méjì” ti sọ iye, kò sọ ìbátan. Ìbejì ni ó bá a mu jù. Àǹfààní ọ̀rọ̀ náà hàn kedere nígbà tí a bá ń to wáyà sínú orí okùn. Ipò 1 àti 2 jẹ́ ti ìbejì kan, 4 àti 5 ti òmíràn, 7 àti 8 ti òmíràn. Ṣùgbọ́n ìbejì kẹrin pín sí 3 àti 6, ó sì fi 4 àti 5 sáàárín. Oníṣẹ́ tí kò mọ èyí á to ìbejì mẹ́rin náà tẹ̀ léra ní méjì-méjì, á sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní orí méjèèjì. Ẹ̀rọ ìdánwò kékeré tí ń tan iná láti 1 dé 8 yóò sọ pé okùn náà pé, nítorí pé wáyà kọ̀ọ̀kan dé ibi tí ó ń lọ. Síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa falẹ̀, yóò sì máa já, nítorí pé a ti ya ìbejì. Ẹni tí a bá kọ́ pé “má ya ìbejì” kò ní ṣe àṣìṣe yìí. (Kí olùtumọ̀ má tilẹ̀ sún un dé Táyéwò àti Kẹ́hìndé: ní ipò 4 àti 5, abilà ni ó kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ṣíwájú níbi yòókù.)

Àwọ̀ ni ó le jù. Bí a bá dúró lórí pupa, funfun àti dúdú, ìbejì méjì ni yóò jẹ́ pupa, méjì yòókù yóò sì sún mọ́ dúdú. Bí ìwé ìtọ́ni bá ní kí a fi ìbejì pupa sí ipò 1 àti 2, ẹnì kan lè mú ti ọsàn ní yàrá, kí ẹlòmíràn mú èkejì ní pálọ̀. Okùn náà yóò yadi. Ọsàn, ewé àti aró kò fa àríyànjiyàn. Fún ẹ̀kẹrin, bí ẹnikẹ́ni bá dábàá àwọ̀ ilẹ̀, ilẹ̀ pupa wà, ilẹ̀ dúdú sì wà. Kòkó gbígbẹ ṣe pàtó jù ú lọ. Ètò T568B yóò wá kà báyìí: ọsàn abilà, ọsàn, ewé abilà, aró, aró abilà, ewé, kòkó abilà, kòkó. Nínú T568A, ìbejì ọsàn àti ti ewé ṣe pàṣípààrọ̀ ipò. Èyíkéyìí nínú méjèèjì dára, bí orí méjèèjì bá ti bára mu.

Orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pe orí náà, RJ45, kì í ṣe àwòkọ́ṣe rere. Ihò tẹlifóònù kan ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ní orúkọ yẹn, orí tirẹ̀ kò sì wọ ihò kọ̀ǹpútà òde òní. Orí eléyín-mẹ́jọ sọ ohun tí ojú rí. Akọ ni èyí tí ó wà lẹ́nu okùn, abo ni èyí tí a kàn mọ́ ògiri.

Cat tí a ń kà lára awọ okùn túmọ̀ sí ìsọ̀rí. Ìsọ̀rí 5e ń gbé gígábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún mítà 100. Ìsọ̀rí 6, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2002, lè gbé 10 dé nǹkan bí mítà 55, èyí tí ó ju ohun tí ilé púpọ̀ nílò lọ. Ìsọ̀rí 6A gbé e dé 100, ṣùgbọ́n ó ki, ó sì le láti fà nínú páìpù tóóró. Ohun tí nọ́ńbà wọ̀nyí kò dáàbò bo olùrà lọ́wọ́ rẹ̀ ni alumíníọ̀mù tí a fi bàbà bò, tí ọjà kún fún. Ìlànà ìsọ̀rí kò gbà á. Ó tètè ń kán, ó sì ń gbóná ju bí ó ti yẹ lọ bí okùn bá ń gbé agbára fún kámẹ́rà. Kí a pe èyí ní aláwọ-bàbà, kí a sì pe tòótọ́ ní ògidì bàbà. Abẹ lásán ni a fi ń dá wọn mọ̀: bí a bá ha á, inú aláwọ-bàbà á funfun.

Ó ku wáyà tí bàbà rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo, tí ó yẹ inú ògiri, àti èyí tí ó jẹ́ fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, tí ó yẹ láti ara ògiri dé ara kọ̀ǹpútà nítorí pé ó ṣeé ká. Fún ti àkọ́kọ́, ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìbá fún olùtumọ̀ ní ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti ní oníṣẹ́. Wáyà odindi àti wáyà olówùú yóò tó. Eyín orí tí a ṣe fún olówùú ń gún àárín òwú rẹ̀. Ti odindi ń gàn án mọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, kí olùrà sọ irú wáyà tí ó ní kí ó tó ra orí.