Kóòdù Tó Ń Ya Orin Kan Sọ́tọ̀ Lára Èkejì

Ní 1955, Glenn Gould, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, tẹ Goldberg Variations tí Bach kọ lórí píánò ní New York, wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Ní 1981, ó padà sí sítúdíò kan náà, ó tún orin náà tẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan náà. Ti àkọ́kọ́ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 38, èkejì gba bí 51. Ẹni tó bá fi orúkọ nìkan wá wọn kò ní í mọ èwo ni èwo. Láti ya irú wọn sọ́tọ̀ ni kóòdù ISRC ṣe wà. ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ lágbàáyé, ló fi í lélẹ̀ ní 1986, IFPI, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù lágbàáyé, sì ń bójú tó o láti London. Ààmì 12 ni: márùn-ún ń tọ́ka sí ẹni tó fi kóòdù náà sórí orin, méjì sí ọdún tó fi í sí i, èyí tó lè yàtọ̀ sí ọdún tí wọ́n gba orin sílẹ̀, márùn-ún tó kù sì jẹ́ ti orin náà fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ń tẹ orin gan-an ló yẹ kó ka kóòdù yìí sí jù. Bach ti kú láti 1750, kò sẹ́ni tó ń gba owó ẹ̀tọ́ lórí ohun tó kọ mọ́. Àmọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ilé iṣẹ́ tó gbà á sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ fún ọdún 70 lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e jáde. Bí rédíò bá lo orin, tí wọ́n kọ “Bach” lásán sílẹ̀, owó kò ní í mọ ilé tí yóò yà sí.

Àwọn kan á ní ẹni tó ń gbé àwo jáde fúnra rẹ̀ ló ń fi kóòdù sí i, nítorí náà kò lè dá olè dúró. Òótọ́ ni. Ní 2007, àṣírí tú pé orin àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń tà lórúkọ Joyce Hatto, obìnrin ará Ìlú Ọba tó ń tẹ píánò. Ọkọ rẹ̀ tó ń gbé àwọn àwo náà jáde sì jẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ki àwo orin Liszt tí wọ́n tà lórúkọ Hatto bọ kọ̀ǹpútà, àkójọ tó ń fi gígùn orin dá àwo mọ̀ ní ẹlòmíràn tó ń tẹ píánò, László Simon, ló tẹ̀ ẹ́. Gígùn orin ló tú u, kì í ṣe kóòdù. Ṣùgbọ́n ká ní kò sẹ́ni tó ti kọ àwo Simon sílẹ̀ ṣáájú, kí ni kọ̀ǹpútà ì bá fi wé e? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: àkọsílẹ̀ tó wà lẹ́yìn kóòdù ló ń fún un lágbára. Ẹni tó bá wá ní kóòdù ń gé orin gígùn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, nítorí pé apá kọ̀ọ̀kan ló ń gba tirẹ̀, kó rántí pé kóòdù mìíràn, ISWC, wà fún orin bí a ṣe kọ ọ́. Ohun tó yẹ ká bèèrè lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ni pé kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó tẹ orin, ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ àti ọjọ́ rẹ̀ mọ́ kóòdù náà, kí ẹlòmíràn sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.